Ọwọ́ Ta Ni Ó Wà Lómi? Pínpín Ìsinmi Òbí Láàárín Tọkọtaya àti Ìdọ́gba Takọtabo ní Gúúsù Èkìtì

1. Ìfáárà

Bí ọmọ tuntun bá dé sí agbo-ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, kíkí tí àwọn ènìyàn fi ń wọlé ni "Ẹ kú ọwọ́ lómi." Gbogbo ilé ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀: ìyá ọmọ, bàbá ọmọ, ìyá ọkọ àti àwọn ìyàwó ilé. Ìtumọ̀ kíkí náà kò fara sin. Ọmọ tuntun kì í jẹ́ kí omi gbẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Bí wọn kò bá ń wẹ̀ ẹ́, wọn a máa fọ aṣọ ìtẹ́dìí rẹ̀. Bí wọn kò bá fọ aṣọ, wọn a máa gbé omi kaná fún ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí wọ́n kí àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ní tòótọ́. Bàbá ọmọ a máa dáhùn kíkí náà tayọ̀tayọ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì fọ ìtẹ́dìí kan ṣoṣo.

Inú ìyàtọ̀ yìí ni ìbéèrè tí bébà yìí fẹ́ dáhùn ti jáde. Nígbà tí òfin iṣẹ́ bá yọ̀ǹda àkókò fún òṣìṣẹ́ láti fi tọ́jú ọmọ tuntun, ta ni ó ń gba àkókò náà nínú tọkọtaya? Kí ni ẹni tí ó gbà á ń fi í ṣe? Kí sì ni ó ń pàdánù lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó gbà á?

Agbègbè tí àlàyé náà dá lé ni gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, pàápàá Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré. Oríṣi ètò iṣẹ́ méjì ni ó pàdé ní agbègbè yìí, ìdí nìyẹn tí ó fi bá ìbéèrè náà mu. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí Adó, tí ó di olú-ìlú nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ní 1977 ni ó di Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní 2020. Àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ń gba owó oṣù kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí ènìyàn bá kọjá sí ìhà Ìsẹ̀ àti Èmùré, oko kòkó, oko iṣu àti ẹ̀gẹ́, iṣẹ́ pákó àti ọjà ni ọ̀pọ̀ ilé gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹni tí òfin fún ní ìsinmi àti ẹni tí òfin kò mọ̀ rí lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ohun tí bébà yìí yóò fi hàn ni pé tọkọtaya kọ́ ni ó ń pín ìsinmi òbí ní agbègbè yìí. Ìyá ọmọ àti ìyá tirẹ̀, tàbí ìyá ọkọ rẹ̀, ni ó ń pín in. Ọwọ́ ìyá àgbà ni ìpín bàbá wà. Bí àwọn tí ń ṣòfin kò bá ka èyí sí, ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá fi kún ti bàbá kò lè mú ìdọ́gba wá.

2. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ní ọ́fíìsì, "lífù" ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń pe àkókò tí òfin gbà kí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpàdánù ipò rẹ̀. "Ìsinmi" ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti fìdí múlẹ̀ fún un, òun náà sì ni bébà yìí yóò lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ọmọ tuntun tí kò sùn lóru kò ní gbà pé ìsinmi ni òun wà.

Oríṣi mẹ́ta ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ìsinmi ìyá ọmọ, tí ó wà fún obìnrin tí ó fẹ́ bímọ tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Ìdí rẹ̀ ni ara obìnrin náà: oyún, ìkúnlẹ̀, ọgbẹ́ àti ọmú. Èkejì ni ìsinmi bàbá ọmọ, tí ó jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ẹ̀kẹta ni ìsinmi òbí gan-an, tí òfin fún àwọn méjèèjì ní àpapọ̀, kí wọ́n lè pín in bí ó bá ti bá ilé wọn mu. Ìdí ti ẹ̀kẹta yìí ni ọmọ. Ọmọ tí ó pé oṣù márùn-ún nílò ẹni tí yóò gbé e. Kò pọn dandan kí ẹni náà jẹ́ obìnrin.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ fi ibi tí àṣà fi ojú sí hàn. Ó ní "abiyamọ", ó ní "ìyálọ́mọ". Fún ọkùnrin, "bàbá ọmọ" nìkan ni ó wà. Orúkọ ipò ni èyí. Kò sọ iṣẹ́ kankan. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Kò sí òwe tí ó pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún bàbá.

3. Ohun tí òfin Nàìjíríà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan

Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 ni ìpìlẹ̀. Abala 54 nínú òfin náà sọ pé obìnrin tí ó bá mú ìwé dókítà wá pé ó kù bí ọ̀sẹ̀ 6 kí ó bímọ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 tí ó tẹ̀lé ìbímọ. Bí ó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún oṣù 6 ó kéré tán, wọ́n gbọdọ̀ san owó tí kò dín ní ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Òfin náà kò dárúkọ bàbá.

Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹ̀dà ọdún 2008, ọ̀sẹ̀ 16 ni ìsinmi ìyá ọmọ pẹ̀lú owó oṣù pípé, ìyá tí ó ń fọ́mọ lọ́mú sì lè gba wákàtí 2 lójúmọ́ fún oṣù 6 lẹ́yìn tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà sọ pé ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ fún ọdún náà ti wà nínú ọ̀sẹ̀ 16 yẹn. Bí ó bá ti lo ti ọdọọdún tẹ́lẹ̀, iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìsinmi ìbímọ yóò di èyí tí kò ní owó. Ìyẹn ni pé nínú ọdún tí obìnrin bímọ, kò ní ọjọ́ ìsinmi tí ó jẹ́ ti ara rẹ̀.

Ẹ̀dà ọdún 2021 ni ó mú ìsinmi bàbá wọ inú ìlànà náà, ọ́fíìsì Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ sì fi ìwé ránṣẹ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ọjọ́ iṣẹ́ 14 ni bàbá yóò gbà. Kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọdún 2, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọmọ 4. Òṣìṣẹ́ náà gbọdọ̀ fi ìwé tí ó fi ọjọ́ tí wọ́n retí ìbímọ hàn mọ́ ìwé tí ó kọ. Ẹni tí ó bá gba ọmọ tọ́ tí ọmọ náà kò tíì pé oṣù 4 ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2014, nígbà tí ó sọ ìsinmi ìyá di oṣù 6, tí ó sì fún bàbá ní ọjọ́ 10, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ kò de òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ ní tààrà; ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe ìlànà tirẹ̀. Ó sì ṣe kedere pé ẹni tí ọ̀gá aládàáni gbà síṣẹ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Kókó méjì ni ó yọ jáde nínú àwọn òfin wọ̀nyí. Èkíní, ìpín ìyá àti ìpín bàbá kò tóbi bákan náà, kò sì sí ọ̀nà tí ìyá fi lè gbé ọ̀sẹ̀ kan nínú tirẹ̀ fún bàbá. Òfin ti pín in tán kí tọkọtaya tó jókòó sọ̀rọ̀. Èkejì, òfin so ọjọ́ bàbá mọ́ ọjọ́ ìbímọ. Kókó kejì yìí ni àwọn tí ń jíròrò ọ̀rọ̀ náà kì í sábà kíyè sí, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù ní ilẹ̀ Èkìtì.

4. Ẹni tí ó ń gba ìpín bàbá

Kí iṣẹ́ owó oṣù tó dé, ilẹ̀ Èkìtì ní ètò tirẹ̀ fún obìnrin tí ó bímọ. Ìyá ọmọ kì í lọ sí oko tàbí ọjà títí di nǹkan bí ogójì ọjọ́. Ìyá rẹ̀, tí ará Èkìtì ń pè ní iye, tàbí ìyá ọkọ, ni ó ń wẹ ọmọ, tí ó ń fi omi gbígbóná tọ́jú ikùn ìyálọ́mọ, tí ó sì ń se oúnjẹ tí yóò mú kí omi ọmú wá. Àwọn ìyàwó ilé ń bá a pọn omi, wọ́n sì ń bá a mójú tó ọmọ tí ó ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ bàbá wà níta: ó ń wá igi ìdáná, ẹran àti owó, ó ń pe àwọn àgbà jọ fún ìsọmọlórúkọ, ó ń wá oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti parí.

Ètò náà gbòòrò ju ogójì ọjọ́ lọ. Ìwádìí tí I. O. Orubuloye ṣe ní Èkìtì, àti èyí tí John Caldwell ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, fi hàn pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìyá fi ń fọ́mọ lọ́mú láyé ìgbà náà, tí kò sì ní sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Èyí mú kí àlàfo wà láàárín ọmọ kan àti èkejì, kí obìnrin lè padà sẹ́nu òwò rẹ̀ kí oyún mìíràn tó dé. Ó dùn mọ́ni pé ìlànà ọdún 2021 tí ó sọ pé kí bàbá má gba ìsinmi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọdún 2 bá àlàfo àtijọ́ yìí mu.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1997, sọ pé ọjọ́ orí àti ipò àgbà ni ó ń ṣètò àwùjọ Yorùbá àtijọ́ ju akọ tàbí abo lọ. Ètò ìtọ́jú ọmọ tuntun ti èrò rẹ̀ lẹ́yìn ní apá kan: ìyá ọkọ a máa pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé kí ó lọ wá igi, kò sì ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ní apá kejì, àgbà tí ó ń wẹ ọmọ obìnrin ni, ọ̀dọ́ tí ó ń fọ aṣọ obìnrin ni. Ipò àgbà ni ó ń sọ ẹni tí yóò pàṣẹ. Akọ tàbí abo ni ó ń sọ ẹni tí yóò ti ọwọ́ bọ omi.

Ètò ìyá àgbà yìí ni iṣẹ́ owó oṣù bá nílẹ̀, orí rẹ̀ ni ó sì jókòó lé. "Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ," ni àwọn àgbà wí. Bí a bá wo òwe náà dáadáa, kò sọ bóyá bàbá wà nínú igba náà.

5. Àpẹẹrẹ tọkọtaya tí ń gba owó oṣù

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ká ní tọkọtaya kan ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́, tí àwọn méjèèjì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Adó. Obìnrin náà gba ọ̀sẹ̀ 16. Ká ní ó lo ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìbímọ. Ó ku 14. Ọkọ rẹ̀ gba ọjọ́ iṣẹ́ 14, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbà á lọ́jọ́ tí ìyàwó bímọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìlànà lànà rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ta ni ó wà nílé? Ìyá ọmọ wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ti dé láti Èmùré tòun ti ẹrù rẹ̀. Àwọn àbúrò ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ìsọmọlórúkọ wà lọ́nà, bàbá sì ń sáré aga àti àgọ́ yíyá. Iṣẹ́ tí ó kù fún un nídìí ọmọ kò tó nǹkan. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ wẹ ọmọ, ìyá àgbà kò ní gbà fún un. Bí ọjọ́ 14 ṣe pé nìyẹn, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 14 kọjá. Ìyàwó gbọdọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ láti 2001 pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 26. Ọ̀sẹ̀ 12 ni ó kù. Ìyá àgbà náà ti fẹ́ padà sídìí ọjà rẹ̀. Ní àkókò yìí gan-an ni ilé nílò ọwọ́ bàbá, òun náà sì ni àkókò tí òfin kò fún un ní ọjọ́ kankan. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ 14 rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyàwó padà sẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yóò kọ́ bí a ṣe ń mú kí ọmọ sùn. Òun ni yóò máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọmú ní wákàtí 2 tí ìlànà gbà. Iye ọjọ́ kan náà ni, owó kan náà ni ìjọba san, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ìwádìí ètò ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù 6, bí 29 péré ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan. Òfin ìsinmi nìkan kọ́ ni ó fa èyí. Síbẹ̀, ìyá tí ó ti padà sí ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún kò lè ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un bí kò bá sí ẹni tí yóò gbé ọmọ wá bá a.

Ìṣòro mìíràn tún ti yọjú. Ìyá àgbà ti ìsinsìnyí lè jẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ bu ọwọ́ lù ní 2022 sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti ọdún 60 sí 65, àti iye ọdún iṣẹ́ láti 35 sí 40. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ ọ́ di tirẹ̀. Olùkọ́ ẹni ọdún 62 tí ọmọ rẹ̀ bímọ lè wà nínú kíláàsì síbẹ̀. Kò sí ìsinmi ìyá àgbà nínú ìlànà iṣẹ́ kankan ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ń gba ìpín bàbá ti ń kúrò nílé díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí òfin fi rọ́pò rẹ̀.

6. Àwọn tí kò ní ìsinmi rárá

Gbogbo ohun tí a ti sọ títí di ìsinsìnyí kan kìkì àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé owó oṣù. Obìnrin tí ó ń ta gààrí ní ọjà Ìsẹ̀, èyí tí ó ń fún epo ní Èmùré, àti èyí tí ó ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìkẹ́rẹ́ kò ní ọ̀gá tí yóò kọ ìwé sí. Niara Sudarkasa ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1973 nípa àwọn obìnrin Awẹ́ bí òwò ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí obìnrin Yorùbá fi ń dá dúró, tí owó rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Òmìnira yìí ní apá kejì: ọjọ́ tí kò bá jáde, kò sí owó.

Ìsinmi tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń san owó rẹ̀. Ó lè ti dá àjọ sílẹ̀ de oṣù ìkúnlẹ̀. Ó lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò. Bí ó bá pẹ́ jù, àwọn oníbàárà a kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, owó tí ó yẹ kí ó fi ra ọjà a sì ti bá ìsọmọlórúkọ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pọn ọmọ padà sọ́jà kí ara wọn tó le. Ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ àgbẹ̀ kò ní ìsinmi kankan bákan náà, ṣùgbọ́n oko kòkó rẹ̀ kò dúró nítorí ọmọ tuntun. Ìkúnlẹ̀ kan lè mú òwò ìyàwó padà sẹ́yìn. Oko ọkọ ń lọ síwájú.

Nítorí náà, bí òfin bá fún bàbá tí ó wà ní ọ́fíìsì ní oṣù mẹ́fà lónìí, kò tíì kan agbo-ilé wọ̀nyí. Ìdọ́gba tí yóò dé ọ̀dọ̀ wọn gbọdọ̀ jẹ́ ti owó ìrànwọ́ fún ìyá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àti ti iṣẹ́ ilé tí ọkọ bá gbà ṣe.

7. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn

Ilẹ̀ Sweden ni ó kọ́kọ́ sọ ìsinmi ìyá di ìsinmi òbí, ní ọdún 1974. Àwọn òbí lè pín in bí wọ́n bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n fún ogún ọdún, ìyá ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ní 1995, ìjọba ya oṣù kan sọ́tọ̀ tí bàbá gbọdọ̀ lò fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣòfò. Wọ́n fi oṣù kejì kún un ní 2002, wọ́n sì fi ẹ̀kẹta kún un ní 2016. Nínú ọjọ́ 480 tí ó wà fún ọmọ kan, ọjọ́ 90 jẹ́ ti òbí kọ̀ọ̀kan tí kò lè gbé fún ẹnikẹ́ni. Ní Norway, tí ó ya ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀ fún bàbá ní 1993, díẹ̀ kínún ni bàbá tí ń gba ìsinmi tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn ti ń gbà á.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ń gbé, wọ́n gbé ìsinmi pínpín kalẹ̀ ní 2015: ọ̀sẹ̀ tí ó tó 50, tí 37 nínú rẹ̀ ní owó. Ìyá ni yóò kọ́kọ́ gé tirẹ̀ kúrú kí bàbá tó rí nǹkan gbà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń lò ó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí yé ni: ìpín tí wọn kò kọ orúkọ bàbá sí, tí owó rẹ̀ sì kéré, ọwọ́ ìyá ni yóò kù sí.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Ilé-ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ ti South Africa dájọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 pé òfin tí ó fún ìyá ní oṣù 4, tí ó fún bàbá ní ọjọ́ 10, lòdì sí ìdọ́gba. Ó pàṣẹ pé, títí ilé-aṣòfin yóò fi tún òfin náà ṣe, kí àwọn òbí tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ máa pín oṣù 4 àti ọjọ́ 10 náà láàárín ara wọn.

Sweden tún ṣe ohun kan tí ó yẹ kí Èkìtì fi ojú sí. Láti oṣù keje ọdún 2024, òbí kọ̀ọ̀kan lè gbé tó ọjọ́ 45 nínú ìsinmi rẹ̀ fún ẹlòmíràn, títí kan ìyá àgbà. Ohun tí àwọn ará Ìsẹ̀ ti ń ṣe láìsí owó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òfin ibòmíràn ti ń san owó lé e lórí.

8. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìdọ́gba takọtabo

Nàìjíríà fi ọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ obìnrin ní 1985. Abala karùn-ún àdéhùn náà sọ pé ojúṣe ọkùnrin àti obìnrin ni títọ́ ọmọ. Abala 42 nínú òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 náà kò fi àyè gba ìyàsọ́tọ̀ nítorí akọ tàbí abo. Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé obìnrin nìkan ni ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ọ̀gá tí ó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ lè máa wo ọjọ́ orí obìnrin àti òrùka ọwọ́ rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá lè lọ, ìṣirò ọ̀gá náà yóò yí padà. Ọ̀nà tí ìsinmi bàbá fi ń gbà dáàbò bo iṣẹ́ obìnrin nìyí, àní ti obìnrin tí kò ní bímọ mọ́.

Àtakò mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Àwọn kan ní bàbá kò ní ọmú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmú nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé wà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Kò sí èyí tí ó nílò ọmú nínú gbígbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn ní ọkùnrin yóò fi ọjọ́ náà ṣe fàájì. Ó ṣeé ṣe, pàápàá bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí àsìkò tí kò sí iṣẹ́ fún un nílé, gẹ́gẹ́ bí apá karùn-ún ti fi hàn. Àwọn kẹta ní àṣà àjèjì ni, àti pé ọkùnrin tí ó pọn ọmọ ní ìgboro ti di gbéwúdání. Ìtìjú yìí lágbára ju òfin lọ. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni ó sọ pé ọmọ tí ó dára ti bàbá ni, èyí tí kò dára ti ìyá rẹ̀ ni. Ẹni tí yóò gba ìyìn ọmọ yẹ kí ó lè fi ọwọ́ kan omi ìwẹ̀ rẹ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé òfin Nàìjíríà fún ìyá ní ìpín ńlá, ó fún bàbá ní ìpín kékeré, kò sì jẹ́ kí wọ́n pín nǹkan kan pọ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ìyá àgbà ni ó ń dí àlàfo náà láìgba owó, ó sì ti ń di ẹni tí àyè kò gbà mọ́.

Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀lé e. Kí ìlànà iṣẹ́ jẹ́ kí bàbá lo ọjọ́ 14 rẹ̀ nígbàkigbà kí ọmọ tó pé oṣù 6, pàápàá nígbà tí ìyá bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ya ìsinmi ọdọọdún obìnrin kúrò nínú ìsinmi ìbímọ. Kí ètò ìrànwọ́ wà fún obìnrin ọlọ́jà àti àgbẹ̀ tí ó bímọ, nítorí pé òwò tirẹ̀ náà iṣẹ́ ni.

Èkíní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀ kan sí i. Ọjọ́ náà ti wà, owó rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Àsìkò rẹ̀ nìkan ni ó kù kí wọ́n tún ṣe, kí ẹni tí wọ́n ń kí pé "Ẹ kú ọwọ́ lómi" lè jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù.